Ìwé dírágónì Temeraire ní àfetígbọ́: báwo lẹ ṣe ń gbọ́ ọ tí ìtàn kì í fi í bọ́ lọ́wọ́ yín?

Afetígbọ́:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ìwé kìíní nínú ọ̀wọ́ Temeraire tí Naomi Novik kọ, èyí tí Simon Vance kà sétí, ni ìbéèrè yìí dá lé. Ogun ayé Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé tó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà, ni, àfi pé wọ́n tún ń fi dírágónì jà á lójú òfuurufú. Ohun mẹ́ta ló ń fa wàhálà. Gẹ̀ẹ́sì ayé ijọ́un ń yọ̀ mọ́ni létí. Orúkọ inú rẹ̀ pọ̀ bí eṣú. Fóònù Android náà sì máa ń dákẹ́ bí ojú rẹ̀ bá ti ṣókùnkùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, kó jọ̀ọ́ là á fún wa. Ẹ má sọ ibi tí ìtàn parí sí o.

Onílé-Ìkàwé:
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àkọlé kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. *His Majesty's Dragon* àti *Temeraire*, ìwé kan náà ni. Wọ́n fi àkọlé àkọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi èkejì tà á nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 2006 ni méjèèjì. Ẹni tó bá rò pé ìwé kìíní àti ìkejì lòun rà, ẹyọ kan ló rà lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé kejì gan-an ni *Throne of Jade*, ìkẹta ni *Black Powder War*, 2006 náà ni wọ́n jáde. *Empire of Ivory* tẹ̀ lé e ní 2007, *Victory of Eagles* ní 2008, *Tongues of Serpents* ní 2010, *Crucible of Gold* ní 2012, *Blood of Tyrants* ní 2013, *League of Dragons* sì kádìí ẹ̀ ní 2016. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn. Ẹ má fo ọ̀kan, pàápàá nínú àwọn tó ṣáájú, torí ibi tí ọ̀kan bá já ìtàn sí ni èyí tó tẹ̀ lé e ti ń gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà, ẹ wo ọwọ́ ilé ìkàwé ìjọba àdúgbò yín kẹ́ ẹ tó náwó. Tẹ́ ẹ bá ti ní káàdì, áàpù Libby á yá yín ní ìwé àfetígbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 14 tàbí 21 ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn, ìwé á sì padà sílé fúnra rẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Ìwé kìíní tó nǹkan bíi wákàtí 10. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 14 ni wọ́n fún yín, ìṣẹ́jú 43 lójúmọ́ á gbé e dé ilé. Ìṣẹ́jú 20 lójúmọ́ kò lè parí ẹ̀ láéláé, ẹ ó sì tún padà sẹ́yìn ìlà àwọn tó ń dúró de ìwé náà.

Ẹ̀yin ilé, rírà ni. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ tẹ àpẹẹrẹ ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àwọn olùtajà ń gbé síta, kẹ́ ẹ rí i dájú pé ìwé odindi ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kúrú. *Unabridged* lọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ó máa wá lára rẹ̀.

Ọmọ Atukọ̀:
Orúkọ kò le tó bó ṣe ń dún. Dírágónì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀gá tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní captain. Méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa há wọn sórí, bí ìgbà téèyàn ń há orúkọ tọkọtaya. Ẹ kọ wọ́n sórí ìwé kékeré kan, dírágónì lọ́wọ́ òsì, ọ̀gá lọ́wọ́ ọ̀tún:

Temeraire – Laurence
Maximus – Berkley
Lily – Harcourt
Levitas – Rankin
Praecursoris – Choiseul
Excidium – Roland

Ìwọ̀nyí tó láti wọ ìwé kìíní. Ẹ fi Celeritas kún un, òun ni olùkọ́ wọn ní Loch Laggan, ní Scotland. Dírágónì lòun fúnra rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tó ń pàṣẹ fún ọ̀gá ogun bí ẹni ń bá ọmọ iléèwé wí, ẹ má wá èèyàn kiri.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: Regal Copper, Longwing, Yellow Reaper, Winchester, kì í ṣe orúkọ ẹnìkan nínú wọn. Ẹ̀yà dírágónì ni, bí ìgbà téèyàn bá ní màlúù kan jẹ́ mùtúrù. Maximus ni orúkọ, Regal Copper ni ẹ̀yà, irú wọn ló sì tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Longwing ni ẹ̀yà Lily, àwọn ló ń tu oró tó ń jẹ igi àti irin. Winchester kéré, lẹ́tà ló sábà máa ń gbé. Ti àwọn Faransé, ẹ há méjì péré: Fleur-de-Nuit tó ń fò lóru, àti Flamme-de-Gloire tó ń yọ iná lẹ́nu. Létí, wọ́n á dún bíi "fúlọ̀-dẹ-nùwí" àti "fúlàm-dẹ-gúlùwà". Temeraire fúnra rẹ̀, "Tẹmẹrẹ́" ló ń dún, ẹ má retí "raya" kankan nídìí ẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi náà wà níbẹ̀, torí ọ̀gá ọkọ̀ ogun ni Laurence kó tó di ẹni tó ń gun dírágónì. Bí wọ́n ṣe ń kọ wọ́n kọ́ ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń wá wọn nínú ìwé atúmọ̀ tẹ́ ẹ kò rí wọn. "Bósìn" tẹ́ ẹ gbọ́, *boatswain* ni wọ́n kọ ọ́. "Fóksùlù", *forecastle*, iwájú ọkọ̀. "Gọ́nùlù", *gunwale*, etí ọkọ̀. "Lúwọ̀dù", *leeward*, ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ. "Lẹfútẹ́nàntì" sì ni *lieutenant*, bí àwọn ṣọ́jà tiwa náà ṣe ń pè é.

Ẹ kíyè sí *Mr.* pẹ̀lú. Ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀, tó bá ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀gá. Ẹni tó bá ya ọkùnrin arúgbó sọ́kàn nígbà tó gbọ́ Mr. Báyìí-báyìí, ìran náà á dàrú mọ́ ọn lójú. Temeraire, ní tirẹ̀, kò fi nǹkan kan ṣáájú orúkọ ọ̀gá rẹ̀: "Laurence" lásán ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Etí Yorùbá á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, àmọ́ kì í ṣe àrífín. Orúkọ ìdílé làwọn ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ fi ń pe ara wọn láyé ìgbà yẹn.

Ìyá Àlọ́:
Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Atukọ̀, ẹ ṣeun. Mo rí i pé nǹkan kan wà nípa àwọn ọ̀gá yẹn tẹ́ ẹ fi pamọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Èdè wa ló bá yín bò ó, "ó" kì í sọ ohun tí *he* àti *she* ń sọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fúngbà àkọ́kọ́, kó má lọ ka àkópọ̀ ìtàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kọjá Loch Laggan.

Mo kàn fẹ́ fi èyí kún un: Roland méjì ló wà. Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà, òun ló ń gun Excidium. Ìkejì jẹ́ ọmọdé, ó wà lára àwọn òṣìṣẹ́ Temeraire. Òbí àti ọmọ ni wọ́n. Lójú ìwé, èèyàn lè yí ojú padà lọ wò ó. Létí, bó bá ti kọjá ó ti kọjá. Ẹ wo ohun tí wọ́n ní kí Roland ṣe. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ rán-mi-níṣẹ́ ni, ọmọ ni.

Mẹkáníìkì Fóònù:
Ọ̀rọ̀ fóònù tó ń dákẹ́. Kì í ṣe fáìlì ló bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ló ń pa áàpù tí ojú ò wò láti fi tọ́jú bátìrì, ìwé àfetígbọ́ sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pa torí wákàtí gígùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ mú áàpù tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ọ, ẹ tẹ Battery, ẹ yan Unrestricted. Ẹ pa Battery Saver tó bá wà ní títàn. Lórí àwọn fóònù kan, ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣí ojú ewé tí áàpù tẹ́ ẹ lò kẹ́yìn máa ń tò sí, kẹ́ ẹ fi àmì àgádágodo tì í níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìkíní tẹ́ ẹ gbàgbé ìkejì, yóò tún dákẹ́ lọ́la.

Dátà: ẹ má gbọ́ ọ tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú mọ́tò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já a. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù níbi tí Wi-Fi wà. Bó bá jẹ́ 64 kbps (ìwọ̀n dátà ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni wọ́n fi gbà á sílẹ̀, wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi MB 29, ìwé oníwákàtí 10 á jẹ MB 290. Bó bá jẹ́ 128 kbps, ìlọ́po méjì ni. Níbi tí áàpù bá ti fún yín láyè láti yàn, ẹ mú èyí tó kéré. Ohùn ẹnìkan ṣoṣo ni, kò sí ìlù, kò sí fèrè, etí kò ní mọ ìyàtọ̀ nínú danfó.

Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ ní, M4B sàn ju MP3 lọ. M4B máa ń gbé orí ìwé àti ibi tẹ́ ẹ dé dání. MP3 tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, bí áàpù orin lásán lẹ bá fi ṣí i, ó lè tò wọ́n bó ṣe wù ú: 1, 10, 11, lẹ́yìn náà 2. Ẹ ó kàn rí i pé ogun ti parí kí ẹyin tó pa. Ẹ fi 01, 02, 03 ṣáájú orúkọ fáìlì, kẹ́ ẹ sì rí i pé *shuffle* ti kú.

Ẹni tó ń fi etí kan gbọ́ ọ, kó tan *mono audio* nínú Accessibility, òun ló ń kó ohùn etí méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan. Ẹni tó wà láàárín ariwo, kó má kàn máa fi kún ohùn. Ohùn tó nípọn ni ariwo ẹ́ńjìnnì, ó ń bo ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Nínú *equalizer*, ibi tí wọ́n ti ń tún ìró ohùn ṣe, ẹ dín ohun tó wà lábẹ́ 200 Hz kù, ẹ gbé ààrin 2,000 sí 4,000 Hz sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì ń gbé, kọ́ńsónáǹtì ló sì ń jẹ́ ká mọ Levitas yàtọ̀ sí Celeritas. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ohùn dẹ̀síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà, ẹ má kọjá ẹ̀ torí dírágónì.

Òǹkàwé-Òru:
Gbogbo èyí dáa, àmọ́ ohun tó ń ba ìwé yìí jẹ́ jù ni bọ́tìnnì *skip silence*. Ẹ pa á. Lójú ìwé, àlàfo funfun ló ń sọ fún wa pé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ ti yí padà. Létí, ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjì mẹ́ta ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí áàpù bá gé e kúrò, Laurence á máa jẹun lórí ọkọ̀, gbólóhùn tó tẹ̀ lé e á sì bá a lórí ilẹ̀ ní erékùṣù Madeira, ẹ ó wá rò pé oorun ló gbé yín.

Ìyára: 1.0 fún wákàtí méjì àkọ́kọ́, tàbí 0.9 pàápàá bí Gẹ̀ẹ́sì náà bá ṣì ń yọ̀. Ohùn àwọn ọ̀gá inú ìwé yìí kò ga, èébú wọn máa ń wọ aṣọ ọ̀wọ̀. Ẹni tó sáré kọjá á gbọ́ "I am obliged to you, sir", kò ní mọ̀ pé ìjà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn. Vance ti ka ìròyìn lórí Rédíò 4 ti BBC rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tútù sọ̀rọ̀ gbígbóná. Ìdákẹ́ díẹ̀ tó ṣáájú "sir" yẹn gan-an ni ẹ fi owó rà.

Eré-Ń-Lọ:
Mi ò gbà. 1.0 máa ń mú oorun wá fún ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkàn tí kò rí iṣẹ́ ṣe á rìn lọ. 1.25 sọ wákàtí 10 di 8, kò sì yí ohùn padà, torí áàpù òde òní kì í jẹ́ kó tín-ín-rín. 1.5 ni mo gbà pé ó pọ̀ jù fún ìwé yìí.

Òǹkàwé-Òru:
Ẹ jẹ́ ká pàdé láàárín. 1.25 fún ìrìn àjò, ìdánrawò àti àlàyé okùn àti gàárì. 1.0 bí èèyàn méjì bá ti jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ogun òfuurufú náà, 1.0, torí gbólóhùn wọn gùn, òkè àti ìsàlẹ̀ sì ń yí padà nínú gbólóhùn kan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sọ́kàn kí ogun tó dé: dírágónì ńlá kan kì í gbé ọ̀gá nìkan. Ó ń gbé àwọn oníbọn, àwọn tó ń ju bọ́ǹbù láti abẹ́ ikùn, ọmọ tó ń fi àsíá ṣe àmì, gbogbo wọn ló so ara wọn mọ́ okùn awọ pẹ̀lú ìkọ́ irin. Ọkọ̀ ojú omi tó ní ìyẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ó mọ ìdí tí gígé okùn kan fi burú ju ìbọn lọ, àti bí ọ̀tá ṣe lè fò láti ẹ̀yìn dírágónì kan sí ti èkejì.

Fún ẹni tó ń gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì: ẹ má yan *end of chapter* lára *sleep timer*, aago tó ń pa ìwé fúnra rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti sùn. Orí ìwé yìí gùn, ẹ ó ti sùn tipẹ́ kó tó parí. Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ fi àmì sí ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dùbúlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jí, ẹ padà síbi àmì yẹn, ẹ má fi ìṣẹ́jú-àáyá 30, 30 wá ibi tí oorun ti gbé yín. Ẹ ó gbọ́ èyí tí kò yẹ kẹ́ ẹ tíì gbọ́.

Onílé-Ìkàwé:
Ohun kan tí kò sí nínú gbogbo ìdáhùn yìí: dírágónì náà gan-an, etí ló fi ń kàwé. Èékánná rẹ̀ kò lè ṣí ojú ìwé, nítorí náà Laurence ló ń kà á fún un, títí kan ìwé ìṣirò Newton. Nínú ẹyin pàápàá, ó ti ń gbọ́ ohun táwọn atukọ̀ ń sọ, ìdí nìyẹn tó fi jáde pẹ̀lú èdè lẹ́nu. Àwọn ibi tí Laurence ti ń kàwé fún un dùn létí ju ti ojú ìwé lọ, ẹ má fò wọ́n.

Ọmọ Atukọ̀:
Ní ti ìtàn gidi, ohun díẹ̀ péré ló yẹ kẹ́ ẹ mú dání, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí òǹkọ̀wé ti yí nǹkan po. Napoleon dé adé ní 2 December 1804. Ìwé kìíní bẹ̀rẹ̀ ní kété lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tó ń wá bí yóò ṣe kó ọmọ ogun sọdá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ojú omi Trafalgar, 21 October 1805: àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí, Nelson, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi wọn, sì kú síbẹ̀. Ogun Jena, 14 October 1806, níbi tí Napoleon ti ṣẹ́gun àwọn ará Prussia, ìyẹn á wúlò ní ìwé kẹta. Ọkọ̀ ogun kan sì wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ Temeraire, oníbọn 98, wọ́n gbé e sómi ní Chatham ní 1798, ó sì jà ní Trafalgar. Ara rẹ̀ ni Laurence ti mú orúkọ dírágónì rẹ̀.

Ìwé kejì àti ìkẹrin kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìkejì, ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Ṣáínà yà ní Cape Coast, ní ilẹ̀ Gánà òde òní, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú. Ẹ má fi 1.25 gbọ́ ibẹ̀. Bàbá Laurence wà lára àwọn tó ń jà kí òwò ẹrú dópin, òfin tó fòpin sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jáde ní 1807. Ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ náà ló wá ń lé ọkọ̀ ẹrú kiri etíkun wa lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ wọn kan, Myrmidon, ló gba Ajayi Crowther sílẹ̀ ní 1822 tó gbé e lọ sí Freetown.

Ní ìwé kẹrin, wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn Tswana, ẹ̀yà kan ní gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n gbà pé bàbá ńlá wọn ló ń padà wáyé gẹ́gẹ́ bí dírágónì. Wọ́n á máa ka ìtàn ẹni tó ti lọ sí ẹyin létí kó tó pa. Ẹni tó ń jẹ́ Babátúndé kò ní béèrè ìtumọ̀.

Afetígbọ́:
Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé ó pọn dandan kí ìwé alójú-ewé wà lọ́wọ́ pẹ̀lú? Ẹnìkan sì sọ níbì kan pé dírágónì inú Bíbélì ni wọ́n, pé kò yẹ fún ọmọdé.

Ìyá Àlọ́:
Dírágónì pupa inú Ìfihàn orí 12 kọ́ nìyí. Àwọn wọ̀nyí ń jẹ màlúù, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì fẹ́ràn wúrà bí ìyàwó tuntun. Ọmọ ọdún 12 sókè lè gbọ́ ọ pẹ̀lú àgbà nítòsí. Ogun àti ikú wà níbẹ̀, ibì kan tún wà nípa Levitas tó máa ń pa ọmọ lẹ́kún.

Onílé-Ìkàwé:
Kò pọn dandan. Àwòrán ilẹ̀ ló wúlò ju ìwé lọ: ẹ ṣí máàpù sórí fóònù, ẹ wá Madeira, Loch Laggan àti Dover kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tẹ́ ẹ bá dé ìwé karùn-ún, ẹ ṣọ́ra: títí dé ibẹ̀, ojú Laurence nìkan la fi ń rí nǹkan, àmọ́ láti *Victory of Eagles* ni Temeraire náà ti ń gba ìtàn sọ. Bí ẹni tó ń ròyìn bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọ̀rọ̀ ìjọba èèyàn kò bọ́gbọ́n mu, ẹ má dá a padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló yí padà.